Ẹ gbà mí o, wọ́n ní bọ́ọ̀sì yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni

Ìyá Fadhilah, Croydon (ó wà ní Òṣogbo báyìí)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ò tíì sùn? Ilé wa ní Òkè-Bàálẹ̀ ni mo wà. Mo wá mú Alhaja ni, alẹ́ ọ̀la la máa wọ bàálù l'Ékòó, ìdájí Jímọ̀ la ó balẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n lójú ara mi, mo ti sanwó ààyè mẹ́ta nínú bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èèyàn mẹ́rìndínlógún péré, afinimọ̀nà wà níbẹ̀, láti London lọ sí Canterbury, Dover àti Rye, ká sì padà lálẹ́. Sátidé yìí ni, aago mẹ́jọ àárọ̀, nítòsí Victoria. Mo fẹ́ kí ìyá mi rí òkun kí òtútù tó dé. Ìgbà tí iná dé nírọ̀lẹ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ọ̀nà Rye, òkúta gbágungbàgun ni. Wọ́n ní kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní bí àsìkò bá tó tí ẹnì kan ò dé, àwọn ń lọ nìyẹn. Alhaja ti pé 71, orúnkún ń dà á láàmú, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò sì ń jẹ́ kó tọ̀ lemọ́lemọ́. Bí mo bá fẹ́ gba owó mi, àfi kí n fagi lé e kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ Jímọ̀. Kí ni kí n ṣe? Àyà mi ń já.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Jímọ̀ lẹ balẹ̀, Sátidé lẹ tún gbé ìyá àgbà jù sínú bọ́ọ̀sì? Ṣé ẹrù ni wọ́n ni? Mo ṣe irú ẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n sùn láti London dé Dover. A jí wọn pé kí wọ́n wá wo òkè funfun tí gbogbo ayé ń pariwo. Wọ́n là ojú kan, wọ́n ní, "Ẹfun ni, mo ti rí i," wọ́n bá tún sùn padà. Iye tí mo san, mi ò lè sọ ọ́ níwájú ọkọ mi títí di òní.

Bàbá Ròkíbà, Woolwich
Àbúrò, fi ọ̀rọ̀ orúnkún sílẹ̀ ná. Aago ni kó o ṣọ́ra fún. Bó o bá ti gun òkè funfun yẹn, máìlì mọ́kànlélógún péré ló kù kó o dé ilẹ̀ Faransé. Fóònù rẹ á já netiwọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, á lọ di ti Faransé mú. Aago á fi wákàtí kan sáré síwájú, ilé-iṣẹ́ fóònù míì á sì máa yọ owó rẹ bíi pé Paris lo wà. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá. Wọ́n ní ká padà sínú mọ́tò láago méjì ààbọ̀. Mo wo fóònù, mo rí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Eré ni mo sá dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, n ò rí bọ́ọ̀sì kankan. Mo ní ó parí. Mo wọ takisí lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dover Priory, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì London. Ọkọ̀ ti ń rìn lọ kí n tó gbójú sókè rí aago ibùdó: aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Fóònù tó wà lọ́wọ́ mi ní aago mẹ́rin fẹ́ lù. Orí mi fò lọ.

Omi Tútù, Manchester
Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ lọ?

Bàbá Ròkíbà, Woolwich
Èmi àti Ìyá Ròkíbà ni.

Omi Tútù, Manchester
Àwọn wá dà?

Ìyá Ìbejì, Leeds
Yéè!

Ìyá Ròkíbà
Ẹ ṣé o, Omi Tútù, ẹ bá mi bi wọ́n. Inú ìsọ̀ kékeré tó wà níbẹ̀ ni mo wà, mò ń wá nǹkan tí mo máa rà fún àwọn ọmọ. Mo jáde, mo rí i pé gbogbo èèyàn ti wà nínú mọ́tò, ọkọ mi nìkan ni wọ́n ń retí. Awakọ̀ tí wọ́n ní kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ó dúró fún odidi ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n nítorí ọ̀gbẹ́ni yìí. Wọ́n pè é títí, kò wọlé. Obìnrin ará Kánádà kan tó jókòó lẹ́yìn mi ní àbí ó ti já bọ́ láti orí òkè. Mo sunkún dé Rye. N ò rí Rye o, ojú mi kún fún omi. Alẹ́ ni mo délé, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ìlá gbé ẹ̀bà mì.

Bàbá Ròkíbà, Woolwich
Mo rò pé ó ti bá wọn lọ ni! Ẹ dá a fún mi. Mọ́tò ò sí níbẹ̀, ìyàwó mi náà ò sí níbẹ̀. Kí ló kù kí n rò?

Alágbède Dublin
Kẹ́ ẹ wo inú ìsọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó tó dé ibi tí wọ́n ti ń tajà, ṣé ibòmíì ló máa wà?

Ìyá Ìbejì, Leeds
Bàbá Ròkíbà jẹ̀bi. N ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ aago. Ọkùnrin ò rí ìyàwó rẹ̀ létí òkun, tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan ló lọ rà.

Kọ́lá Houston
Ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́, fóònù ló jẹ̀bi. Èmi máa gbèjà wọn. Ẹni tó bá ti ń gbé nílẹ̀ yìí tipẹ́, aago fóònù ni Ọlọ́run kejì rẹ̀.

Omi Tútù, Manchester
Ẹ má gbàgbé pé oṣù Kọkànlá ni. Nígbà òtútù, aago Faransé àti aago Òṣogbo, ọ̀kan náà ni. Fóònù wọn ò lọ sí Faransé. Ó ti padà sílé ni!

Bàbá Ròkíbà, Woolwich
Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìyá Fadhilah, kẹ́ ẹ tó kúrò ní London, ẹ pa roaming, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí fóònù di netiwọ́ọ̀kì ilẹ̀ mìíràn mú, ẹ lọ sí ibi ètò fóònù kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yan aago, ẹ má jẹ́ kó máa yí ara rẹ̀. Kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀. Kẹ́ ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò àti ibi tó dúró sí, torí ó lè sọ yín kalẹ̀ níbí kó lọ páàkì lọ́ọ̀ọ́kán. Ohun tó ṣe mí nìyẹn, ìsàlẹ̀ ló wà.

Ìyá Fadhilah, Croydon (Òṣogbo)
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Orúnkún ìyá mi ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Birmingham
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá oògùn dúró torí ìrìn àjò o. Ẹ bi dókítà wọn lọ́la kẹ́ ẹ tó kúrò ní Òṣogbo bóyá àsìkò tí wọ́n ń lò ó ṣe é sún. Ẹ kọ̀wé sí àwọn oní-bọ́ọ̀sì lálẹ́ yìí, ẹ ní àgbàlagbà ni, ẹ fẹ́ ìjókòó iwájú. Canterbury, Dover àti Rye ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni wàhálà wà, nítorí náà kí wọ́n tọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra níbi gbogbo, bí wọ́n bá ní kò gbọ̀n wọ́n kẹ́ ẹ ṣì mú wọn lọ. Ní Rye, ẹ má tẹ̀ lé àwọn ọmọdé gun Mermaid Street. Òkúta ibẹ̀ yọ̀, ó dà gẹ̀rẹ́. Ẹ wá ibi ìjókòó fún wọn ní High Street, kí Fadhilah lọ ya fọ́tò wá. Bàtà tó ní okùn, kì í ṣe sálúbàtà. Kẹ́ ẹ mú súwẹ́tà, oṣù Kẹjọ kì í pa atẹ́gùn orí òkè yẹn lẹ́nu mọ́.

Alágbède Dublin
Alhaja ni wọ́n, ẹ bá wọn bèèrè epo tí wọ́n fi dín ẹja. Ìsọ̀ míì, ọ̀rá màlúù ni wọ́n ń lò, ẹ ò sì mọ ẹni tó pa màlúù náà. Ẹ mú búùtà kékeré dání. Mọ́ínmọ́ín ni kẹ́ ẹ sè.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Mọ́ínmọ́ín kẹ̀? Tó ní edé? Nínú bọ́ọ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ ò ṣí?

Kọ́lá Houston
Ẹ jọ̀ọ́, Canterbury tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ṣé ó wà létí òkun ni? Wọ́n lù yín ní jìbìtì.

Omi Tútù, Manchester
Kò sí létí òkun, àmọ́ kẹ́ ẹ lọ. Inú kàtídírà ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Ajayi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí omi lọ́dún 1822, tí wọ́n gbé lọ sí Freetown. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo dúró, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ará ìlú wa kan ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ yìí rí.

Alágbède Dublin
Ará ìlú wa kọ́ o. Òṣoògùn ni, kì í ṣe Òṣogbo.

Omi Tútù, Manchester
Mo ti sọ fún gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé Òṣogbo ni. Ẹ má tú mi láṣìírí.

Kọ́lá Houston
Rye náà ńkọ́? Èmi wo àwòrán ilẹ̀. Ó fi bíi máìlì méjì jìnnà sí òkun!

Bàbá Ròkíbà, Woolwich
Òkun ló fi wọ́n sílẹ̀. Ìjì ńlá ọdún 1287 ló yí odò Rother padà wá síbẹ̀, wọ́n di èbúté gidi, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ àti yanrìn wá ń dí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà kan, àwọn èbúté agbègbè yẹn ló ń kó ọkọ̀ ojú omi 57 fún ọba lọ́dọọdún, fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà tó yá, fàyàwọ́ ni wọ́n kù sí. Àwọn ọmọ Hawkhurst, ẹgbẹ́ fàyàwọ́ kan, á jókòó sínú ilé ọtí Mermaid, wọ́n á gbé ìbọn sórí tábìlì, aṣọ́bodè ò ní lè mí.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Bàbá Ròkíbà, ọkọ̀ ojú irin lẹ wà nígbà tí wọ́n lọ sí Rye. Ta ló sọ gbogbo èyí fún yín?

Ìyá Ròkíbà
Ìwé tí mo rà nínú ìsọ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n kà.

Alágbède Dublin
Ìdí-Ìrókò ni wọ́n ń pè ní ìlú ìtàn. Ẹ kúkú múra, Alhaja á bi yín ta ni obìnrin onírù ẹja tí wọ́n fi sọ òpópónà lórúkọ. Bẹ́ ẹ bá ní Yemọja ni, wọn ò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Àwa tá a wà lókè yìí, Whitby là ń lọ. Òkun wà níbẹ̀ gan-an, ẹja ibẹ̀ dùn, ilé tí Captain Cook kọ́ṣẹ́ sí ṣì wà. Kí lẹ fẹ́ lọ fi ẹfun ṣe?

Nọ́ọ̀sì Birmingham
Àtẹ̀gùn 199 ló wà láti ìlú dé ilé àwọn mọ́ńkì ní Whitby. Orúnkún Alhaja là ń sọ o.

Kọ́lá Houston
Ẹ̀yin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jìyà ṣá. Àwa á wa mọ́tò wa lọ sí Galveston, afẹ́fẹ́ tútù nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa fi wá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kéde òmìnira fún àwọn ẹrú Texas lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1865. Ìtàn tó kàn wá nìyẹn. Ti yín, 1066, 1066, ọdún tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n á máa kọ sí yín létí.

Omi Tútù, Manchester
Galveston tí ooru ń sun èèyàn bí iṣu? Àmọ́ ẹ sọ òótọ́ lórí 1066. Wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wa ká lè wo pápá tí wọ́n ti jà. Ọdún 1840 tí Ìbàdàn lé Ìlọrin sá níwájú Òṣogbo, ta ló ń fi bọ́ọ̀sì kó àlejò lọ síbẹ̀?

Ọmọ Tìmì, Calgary
Ẹ kó wọn wá sí Ẹdẹ, a ó júwe ẹ̀ fún yín.

Alágbède Dublin
Ta ló jẹ́ kí ará Ẹdẹ wọlé?

Nọ́ọ̀sì Birmingham
Ìyá Fadhilah, ẹ wà ní Òṣogbo nínú oṣù Kẹjọ, Dover lẹ ń rò. Ṣé wọ́n ti tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún? Ṣé Arugbá ti jáde? Láti ọdún 2005 tí UNESCO ti gba Igbó Ọ̀ṣun wọlé, àwọn òyìnbó ń wọ bàálù wá síbẹ̀, àwa ń sanwó lọ wo ẹfun.

Ìyá Fadhilah, Croydon (Òṣogbo)
Ìlù ń dún níta bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, omi Ọ̀ṣun pọ́n bí àdó. Mo ra àkàrà lálẹ́ àná, inú bébà ni wọ́n ṣì ń dì í sí.

Omi Tútù, Manchester
Ẹ dákun, ẹ má sọ ti àkàrà. Ọdún mẹ́fà ni mi ò tíì délé.

Bàbá Ròkíbà, Woolwich
Òṣogbo, ìlú aró, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun. Àwọn bàbá wa ti rí òkun nínú ìkòkò aró kí ẹnikẹ́ni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa.

Nọ́ọ̀sì Birmingham
Ẹ bá mi bu omi Ọ̀ṣun díẹ̀ sínú ike. Inú ẹrù tó ń lọ sí ikùn bàálù ni kẹ́ ẹ fi sí, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín bẹ́ ẹ bá gbé e dání.

Ìyá Fadhilah, Croydon (Òṣogbo)
Alhaja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi o! Ẹ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín fún wọn. Wọn ò tíì sọ bóyá a ń lọ tàbí a ò lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n bi yín: nígbà tí Bàbá Ròkíbà jẹ ẹ̀bà yẹn tán, ta ló fọ abọ́? Iná ti lọ, fóònù mi ku díẹ̀ kó kú.

Ìyá Ròkíbà
Ẹ bá mi kí Alhaja. Ẹ sọ fún wọn pé abọ́ ọ̀hún ṣì ń retí ẹni tó jẹun nínú rẹ̀.