Àwa tí a ti kọ orin Benjamin Britten

Ohùn báàsì ni mò ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Orin Handel ni ó ti mọ́ wa lára kí olùdarí wa tó gbé War Requiem lé wa lọ́wọ́, orin ńlá fún àwọn òkú ogun tí Benjamin Britten, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣẹ̀dá orin, kọ, ojú-ìwé àkọ́kọ́ sì ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀: C àti F sharp ni a ń kọ, ohùn méjèèjì náà ni agogo ń lù, bẹ́ẹ̀ etí kì í fẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀. Ìgbà tí a kọ ọ́ dé òpin ni mo rí ète Britten. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹgbẹ́ akọrin, tí agogo nìkan ń tì lẹ́yìn, fi ohùn jẹ́jẹ́ yọ kúrò nínú ìforígbárí yẹn bọ́ sínú F major, àwọn ohùn tí ó bá ara wọn mu, ẹ̀ẹ̀kẹta sì ni ó fi parí gbogbo rẹ̀.

Inú kàtídírà tuntun ti Coventry ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́, ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1962. Bọ́ǹbù Jámánì ti ba ti àtijọ́ jẹ́ ní ọdún 1940. Britten, tí kò fara mọ́ ogun rárá, fẹ́ kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Jámánì àti ọmọ Rọ́ṣíà jọ dá orin náà, ṣùgbọ́n ìjọba Soviet kò jẹ́ kí Vishnevskaya, obìnrin akọrin ọmọ Rọ́ṣíà náà, wá, Heather Harper ni ó sì dípò rẹ̀.

Láàárín àdúrà Látìn fún àwọn òkú ni ó ki ewì Wilfred Owen bọ̀, ọmọ ogun tí wọ́n pa ní ọjọ́ méje péré kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó parí. Gbogbo wa la mọ̀ pé áńgẹ́lì dá ọwọ́ Ábúráhámù dúró. Nínú ọ̀kan lára ewì Owen wọ̀nyí, áńgẹ́lì fi àgbò hàn án, bàbá náà kọ̀, ó pa ọmọ rẹ̀, ó sì pa ìdajì irú-ọmọ Yúróòpù lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn ọmọdékùnrin ń kọ orin ìrúbọ láti òkèèrè. Kò sí ibi tí ó wọ̀ mí lára tó ibẹ̀.

———

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. A Ceremony of Carols, àkójọ orin Kérésìmesì tí Britten kọ fún ohùn àwọn ọmọdé, ni èmi mọ̀ ní tèmi, nítorí pé àwọn ọmọdé ìjọ wa ni mò ń kọ́ lórin. Ọdún 1942 ni Britten kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e padà láti Amẹ́ríkà, ní àárín ogun. Háàpù kan ṣoṣo ni ó ń tì wọ́n lẹ́yìn; pìánò ni àwa lò, ohùn rẹ̀ sì le jù fún orin náà. Ní This Little Babe, ọ̀kan nínú àwọn orin náà, gbogbo wọn jọ kọ ẹsẹ kìn-ín-ní, wọ́n pín sí méjì ní ìkejì, wọ́n di mẹ́ta ní ìkẹta, tí apá kan ń sáré tẹ̀lé èkejì bí eré lílé. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà láìkọrin, títí tí apá kọ̀ọ̀kan yóò fi di tirẹ̀ mú, nítorí pé ọmọ tí ó bá ń tẹ́tí sí ti ẹnìkejì kì í pẹ́ dà pọ̀ mọ́ ọn.