Ibi tí wọ́n ti yọ eegun lórí àbúrò mi ń mí bí àwùjẹ̀, ṣé ó máa dí fúnra ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀bàIlé:
Ẹ kú ilé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 26, ọ̀kadà gbé e ṣubú lọ́nà Ọ̀dà ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ká tó gbé e dé ọsibítù ọpọlọ ti wú, ni wọ́n bá gé eegun agbárí ẹ̀ lápá òsì, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, kí ọpọlọ lè ráyè. Eegun yẹn ni wọ́n wá tẹ̀ sábẹ́ awọ ikùn ẹ̀ tí wọ́n sì rán an pa, kí n má parọ́, ìgbà tí wọ́n sọ fún mi mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni, àfìgbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó le gbagidi bí ẹni gbé àwo sábẹ́ aṣọ.

Ó ti ń rìn, ó ń jẹun, ó tún ti ń bá mi jà lórí rìmóòtù. Àmọ́ ibi tí eegun ò sí yẹn, tó bá sùn ẹ máa rí i tó ń mí, á lọ sókè á tún wálẹ̀, gẹ́lẹ́ bí àwùjẹ̀ ọmọ tuntun. Màmá wa wá ní ṣebí àwùjẹ̀ náà ni, gbogbo wa la ní in ní kékeré tó sì dí fúnra ẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ la ọmọ òun sí. Wọ́n ti bá bàbá kan tó ń to eegun sọ̀rọ̀ lọ́nà Ìdànrè, ìyẹn ní òun ní àgúnmu tó ń jẹ́ kí eegun hù. Bùrọ̀dá wa tó wà l'Ékòó ní ká ta ilẹ̀ ká gbé e lọ Íńdíà. Dókítà ní oṣù tó ń bọ̀ ni ká mú un wá kí wọ́n dá eegun ẹ̀ padà. Èwo ni ká ṣe báyìí? Ṣé eegun orí máa ń hù ni?

Nọ́ọ̀sì_Oǹdó:
Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò o, Olúwa á ṣe é láṣepé. Tíátà ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí màmá rí yẹn òótọ́ ni, ọpọlọ ló ń mí lábẹ́ awọ. Ṣùgbọ́n àwùjẹ̀ kì í ṣe ibi tí eegun ti bọ́, ibi tí eegun ò tíì dé ni, etí eegun ṣì ń rìn bọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dí bí ọmọ bá ti ń lọ sí ọdún kan ààbọ̀. Awọ líle tó wé ọpọlọ ọmọ kékeré náà mọ eegun ṣe, kódà ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2 tí ihò bá wà lórí ẹ̀ ó lè dí díẹ̀díẹ̀. Ti àgbàlagbà ti gbàgbé iṣẹ́ yẹn. Ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ lórí ọmọ ọdún 26, ẹ dúró dè é fún ogún ọdún, ihò náà lẹ máa bá níbẹ̀.

Wọ́n gbé eegun sí ikùn torí pé fírísà tó ń tutù dé -80°C ni wọ́n ń kó o sí níbòmíì, ẹ̀yin náà ẹ sì mọ iná wa. Ikùn ò nílò jẹnẹrétọ̀ 😂. Wàhálà ẹ̀ ni pé tó bá pẹ́ jù ara á máa jẹ ẹ́ létí létí, tí wọ́n bá wá fẹ́ dá a padà ó ti kéré sí ojú ihò. Ẹ má fi ọjọ́ tí wọ́n dá falẹ̀ o. Ẹ bi í, ṣé orí ń fọ́ ọ tàbí òòyì ń kọ́ ọ tó bá dìde, tó sì ń rọlẹ̀ tó bá dùbúlẹ̀? Ṣé ibẹ̀ ti ń jìn wọnú? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀, ẹ pe dókítà.

Bàbá_Arákalẹ̀:
Ẹ má bú àwọn bàbá wa o. Ẹsẹ̀ mi tó kán ní 2009, wọ́n tò ó, mo fi ń gun òkè Ìdànrè.

Nọ́ọ̀sì_Oǹdó:
Bàbá, ẹnikẹ́ni ò bú wọn. Eegun ẹsẹ̀ tó kán, ojú ẹ̀ méjèèjì ń fẹnu kanra, ó máa so. Ti orí àbúrò yìí, etí kan wà níhìn-ín, etí kejì wà lọ́hùn-ún. Kí ni wọ́n fẹ́ tò níbẹ̀?

Alágbárí_Ike:
Tèmi rèé láti 2017. Wọ́n dá eegun mi padà, kòkòrò wọ̀ ọ́, ọyún ń jáde, wọ́n yọ ọ́ dànù, mo fi oṣù mẹ́fà dé fìlà bí ọlọ́pàá, n kì í fi apá ibẹ̀ sùn. Ìgbà tó yá wọ́n fi acrylic dí i. Ìyàwó mi ń ṣe eyín àtọwọ́dá, ó ní irú ohun tí àwọn fi ń mọ àjígàn eyín náà ni, wọ́n á po ìyẹ̀fun ẹ̀ mọ́ omi ẹ̀ títí á fi rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọn ò tíì yan, òórùn ẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ èékánná, ó sì máa ń gbóná bó ṣe ń le, wọ́n á máa da omi tútù sí i kó má jó ọpọlọ. Mo ń fi ṣe gbogbo nǹkan. Tí eegun ara yín bá ṣì wà, ẹ lo ìyẹn.

FUTA_SouthGate:
Ẹ má ta ilẹ̀ o! 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku ti dé UCH Ìbàdàn wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà. Titanium, irin tí wọ́n fi ń dí irú ihò bẹ́ẹ̀, náà wà, àmọ́ owó ẹ̀ ga.

Ní ti kí eegun hù, wọ́n ń wá a lóòótọ́. Ní 1965 dókítà Amẹ́ríkà kan, Marshall Urist, mú eegun tí wọ́n ti fi ásíìdì yọ ohun tó mú un le kúrò, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹran ara ehoro, eegun tuntun sì hù níbi tí eegun ò sí tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa fi irú ẹ̀ dí ihò orí, àmọ́ kò tíì di ohun tí dókítà máa ṣe fún ẹni tó bá ṣáà ti wọlé. Eegun àbúrò yín fúnra ẹ̀ ṣì ni igi tí ìtàkùn iṣu máa gùn, ara á máa fi eegun tuntun gùn ún láti etí wọnú.

Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀bàIlé:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí màmá létí, ọ̀rọ̀ etí níhìn-ín etí lọ́hùn-ún yẹn ló mú wọn. Òòyì ń kọ́ ọ lóòótọ́ tó bá dìde, mo ti pe dókítà, wọ́n ní ká wá lọ́jọ́ Ajé. Màmá ní àwọn máa tẹ̀lé wa, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ fi eegun náà han àwọn kí wọ́n tó dá a padà, kí wọ́n má lọ gbé ti ẹlòmíì fún ọmọ àwọn.

Nọ́ọ̀sì_Oǹdó:
Ikùn ọmọ wọn náà ló ṣáà wà látọjọ́ yìí, ta ló fẹ́ wọbẹ̀ lọ pààrọ̀ ẹ̀ 😂😂 Ẹ bá mi kí màmá.