Ilé ẹ̀bá Odò Ògùn ní Ìṣẹrí: ṣé mílíọ̀nù 85 kò pọ̀ jù?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi rí ilé oníyàrá mẹ́rin kan ní Ìṣẹrí, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kan Odò Ògùn gan-an. Mílíọ̀nù 85 náírà ni wọ́n ń pè é. Irú rẹ̀ lókè, níbi tó jìnnà sódò, ń lọ sí 110. Éjẹ́ǹtì ní omi máa ń yọjú nígbà òjò, àmọ́ kì í ju ọjọ́ méjì lọ. Oṣù kejì la lọ wò ó, ilẹ̀ gbẹ, atẹ́gùn ń fẹ́, ìyàwó mi ti ń fi ibi tó máa gbin ewédú sí hàn mí. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fẹ́ kó lé e, mi ò sì ní òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì sanwó o! Ọdún mẹ́rin ni mo gbé àdúgbò yẹn. Omi ibẹ̀ kì í ṣe ti òjò Èkó nìkan. Bí dáàmù Ọ̀yán tó wà lókè odò bá kún, wọ́n á tú omi sílẹ̀, á gba Abẹ́òkúta wá bá yín. Oòrùn lè máa ràn kí omi máa gun àtẹ̀gùn yín. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló ń le jù. Bí ọ̀sà náà bá tún kún nísàlẹ̀, omi kò ríbi lọ, á jókòó. Lọ́dún tí a kó jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wọ ọkọ̀ ojú omi. Ṣaláńgá kún wọ kànga, àwọn ọmọ mi méjèèjì sì ń ṣu gbuuru.

Sọ̀fíyọ̀: Bàbá, Èkó ni ilẹ̀ náà wà ni, àbí Ògùn? Ààlà wà nítòsí ibẹ̀. Ti Èkó, Aláúsá ni wọ́n ti ń yẹ pílánì ilẹ̀ wò. Ti Ògùn, Òkè-Mọ́sàn l'Abẹ́òkúta. Ẹ bèèrè bóyá ilé náà wọnú àyè tí ìjọba ní kí a fi sílẹ̀ fún odò. Lọ́dún 2023, ìjọba Èkó wó ilé tó dí ojú ọ̀nà omi ní ọ̀nà Orchid, Lẹ́kkí.

Bíríkìlà: Ẹ padà lọ láìmú éjẹ́ǹtì dání. Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ni kí ẹ wò, níbi tí wọn kì í kùn: ibi tí ẹrẹ̀ fàlà sí ni omi dé. Bí táìsì ìsàlẹ̀ bá tuntun, tí ti òkè sì ti gbó, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ bi ìyá alákàrà ẹnu ọ̀nà. Kò ní ilé tó fẹ́ tà. Bí ẹ bá sì ń rò pé ẹ máa fi yanrìn gbé ilẹ̀ ga, títì kò ní bá yín gbéra.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ lónìí. Ìlà ẹrẹ̀ dé àyà mi. Ìyá alákàrà ní òun kì í dáná níbẹ̀ ní gbogbo oṣù kẹwàá. Mo pe éjẹ́ǹtì, ó ní wọ́n lè gbà 70.

Ìyá Ìbejì: Bí ìwé bá mọ́, 50 ni tèmi. Ẹni tí ẹ máa tà á fún lọ́jọ́ iwájú náà á bi ìyá alákàrà.

Ẹni tó béèrè: Mo ti fi pílánì ránṣẹ́ sí sọ̀fíyọ̀. Kọ́bọ̀ kan ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi. Tó bá di oṣù kẹwàá, èmi àti ìyàwó mi á jọ lọ dúró síbẹ̀.