Ẹ Wá Sọ Ìrírí Yín: Yìnyín Tí Ń Ya Láti Orí Òkè

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Àbúrò mi ní Switzerland fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun òkè nígbà òtútù yìí, níbi tí kò sí ọ̀nà rárá. Ẹni tí ó bá ti rí bí yìnyín (snow) tí ó kó jọ sórí òkè ṣe ń ya lulẹ̀ lójijì, tí ó ń bo ènìyàn mọ́lẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ bá wa sọ ọ́.

Àdìó: Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní Austria kí n tó padà wálé. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, oòrùn ràn, ojú ọ̀run sì mọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òru ti gbá yìnyín láti ẹ̀yìn òkè wá kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ tí a ń gùn. Bí a ṣe tẹ̀ ẹ́, ó dún “hùm̀” lábẹ́ wa, bí ìgbà tí aláàárù bá sọ àpò gàrí kalẹ̀, ilà tínrín kan sì là níwájú bàtà mi. Amọ̀nà wa kò sọ̀rọ̀, ó kàn juwọ́ pé kí a padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ìbejì: Ó dákẹ́ nítorí pé ariwo ni ó ń já a.

Àdìó: Ẹ má bínú, mà. Ariwo ẹnu kò lè já a. Ìwúwo ẹni tí ń rìn lórí rẹ̀ ni, nígbà tí ìpele ìsàlẹ̀ kò bá lágbára; ọ̀pọ̀ àwọn tí ó bá a lọ ni ó jẹ́ pé àwọn tàbí ẹnìkejì wọn ni ó tẹ̀ ẹ́ já.

Ìyá Ìbejì: Nínú fíìmù, ariwo ni.

Bíríkìlà Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun: Báwo ni òkè náà ṣe dagun tó?

Àdìó: Èyí tí ó dagun láàárín dìgírì 30 sí 45 ni ó léwu jù.

Bíríkìlà Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun: Dìgírì 30 kẹ̀? Àtẹ̀gùn ilé alájà tí mò ń mọ lójoojúmọ́ nìyẹn!

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Mo ti ṣiṣẹ́ ní Canada. Ẹni tí wọ́n bá hú jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 sábà máa ń yè, àmọ́ lẹ́yìn náà, èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í tán, nítorí pé yìnyín náà máa ń le gbagidi bí kọnkéré ni. Ìdí nìyí tí olúkúlùkù fi gbọ́dọ̀ so ẹ̀rọ atọ́ka tí ń fi ibi tí ènìyàn wà lábẹ́ yìnyín hàn mọ́ àyà, kí ó sì mú ọ̀pá gígùn tí a fi ń wá ènìyàn nínú yìnyín àti ṣọ́bìrì dání. Kí àbúrò yín ka ìròyìn tí àwọn SLF, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣèwádìí yìnyín ní Davos ní Switzerland, ń gbé jáde ní aago 5 ìrọ̀lẹ́. Láti 1 dé 5 ni wọ́n ń ka ewu náà, 3 sì ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù.

Ọmọ Òkè-Fìà: Ó ní 3 ni wọ́n kọ fún ọ̀la, àti pé àárín náà ni. Mo ti gbé fóònù fún ìyá wa.