Ọta kì í ṣe kátíríìjì: lórí orúkọ tí a ó fún ọta ìbọn ọdẹ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Mo ti ka gbogbo àbá tó wọlé láti ìgbà tí mo ti bẹ̀ yín fún ìrànlọ́wọ́ lórí ìwé ìtọ́ni ọdẹ tí mò ń túmọ̀, pàápàá orí kẹrin, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí ọdẹ ṣe máa yan ọta fún ráífù. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí a máa pe odidi ohun tí à ń fi sínú ìbọn ní “ọta”, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí a máa fi “hóró” ka ìwọ̀n rẹ̀. Ẹnì kẹta fún wa ní “ọta abúgbàù” fún èyí tó ń fẹ̀ nínú ara ẹran. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an, àmọ́ mi ò lè gba ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di kátíríìjì: ìkarahun idẹ, ẹ̀tù inú rẹ̀, ìṣáná kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀, àti ọta tó yọrí síta. Tí a bá yìnbọn, ẹyọ kan péré ló ń lọ bá ẹran. Ẹyọ yẹn ló ni orúkọ náà. Òkúta róbótó inú odò là ń pè ní ọta, nǹkan tó le gbagidi, tí kò ní ihò nínú. Nígbà tó jẹ́ ṣakabùlà nìkan ni ìbọn, ẹ̀tù wà lọ́tọ̀, ọta wà lọ́tọ̀, ọdẹ fúnra rẹ̀ ló ń rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀pá ìbọn. Kò sí ọdẹ tó máa ṣi ẹ̀tù pè ní ọta. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dì wọ́n pọ̀ sínú ìkarahun kan ni ẹnu wa dàrú.

Ìdàrúdàpọ̀ yìí sì ń náni lówó. Ọdẹ kan tí mo mọ̀ ra páálí ọta 100 lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti ibòmíràn. Ìgbà tí ẹrù dé tó tú u, òjé tí wọ́n fi bàbà bò ló rí, kò sí ìkarahun, kò sí ẹ̀tù. Ohun tí àwọn tó ń di kátíríìjì fúnra wọn máa ń rà ló rà. Ẹni tó tà á fún un kò parọ́. Ọta ló pè é, ọta náà sì ni. Èdè tí ọdẹ yìí ń sọ lójoojúmọ́ ni kò fún un ní ọ̀rọ̀ méjì fún nǹkan méjì. Nítorí náà, àbá mi ni pé kí “ọta” dúró fún èyí tó ń fò lọ, kí odidi rẹ̀ máa jẹ́ “kátíríìjì”, tó ti wà lẹ́nu àwọn ọdẹ tipẹ́.

Àwọn kan fẹ́ “àkọ̀” dípò “ìkarahun”. Ó dùn létí, àmọ́ idà máa ń padà sínú àkọ̀ rẹ̀. Ọta tó bá ti jáde kò ní padà mọ́. Òfìfo ni ohun tó ń jábọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọdẹ, bí ìgbà tí ìgbín ti kú tó ku ìkarahun nílẹ̀. (Ẹ dákun, ẹ má yọ àmì ohùn kúrò lórí “ẹ̀tù” nínú ìwé yìí. Ẹ̀tù ni ọdẹ ń yìn, ẹtu ló ń pa, wọ́n sì jọ wà ní ojú ìwé kan náà.)

Ní ti “hóró”, mo mọ ibi tí ẹni tó dá a lábàá ti mú un. Gíréènì ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọta, hóró ọkà sì ni orúkọ náà ti wá láyé àtijọ́. 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́ùn kan. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà. Ohun tí òǹkàwé máa rò ló ń bà mí lẹ́rù. Mo fi “ọta hóró 150” han ọdẹ mẹ́ta, méjì nínú wọn ní hóró ẹ̀tù 150 ni, ìyẹn ni pé ìbọn náà máa le. Àwa sì mọ̀ pé ìwọ̀n ọta nìkan ni 150 yẹn, ó tó gíráàmù 9.7. Odidi kátíríìjì .308 Winchester tí wọ́n kọ 150 sí lára wúwo ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, ẹ̀tù inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 45 lọ ní òṣùwọ̀n kan náà. Ẹni tó bá ṣi èyí kà nígbà tó ń di kátíríìjì lè fọ́ ìbọn mọ́ ara rẹ̀ lójú. Ẹ jẹ́ ká kọ “gíréènì”, ká sì kọ gíráàmù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Abúgbàù” ló ká mi lára jù. Ọta ọdẹ kì í bú gbàù. Mo ní ọ̀kan lórí tábìlì níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ti gbà á, abẹ́ awọ ẹ̀gbẹ́ kejì àgbọ̀nrín ló ti yọ ọ́, lẹ́yìn tí ó ti fọ́ eegun ejìká kọjá. Orí rẹ̀ ti ṣí bí olú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀wù bàbà rẹ̀ ya sí ewé mẹ́rin, wọ́n ká sẹ́yìn, òjé dúdú sì rọ̀ mọ́ inú wọn. Ìdí rẹ̀ ṣì dán bí ìgbà tí wọ́n ṣe é. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n: gíréènì 96 ló kù nínú 150. Nǹkan yìí fẹ̀ ni, kò bú. “Ọta afẹ̀” ni mo fẹ́ kí a pè é, kí èyí tí kì í fẹ̀ jẹ́ “ọta agúnyọ”, nítorí ó sábà máa ń gún ẹran yọ sódì kejì, ihò tó dá sì máa ń kéré, ẹran á sá lọ kú síbi tí ọdẹ kò ti ní rí i. Òfin gan-an ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àdéhùn Hague ti 1899 ka ọta afẹ̀ léèwọ̀ lójú ogun. Òfin àgbọ̀nrín ti 1991 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ní tó bá jẹ́ ráífù, ọta oníṣóńṣó rírọ̀ tàbí oníṣóńṣó oníhò nìkan, tí méjèèjì jẹ́ ọta afẹ̀, ni kí a fi yìn ín. Gíréènì 96 tó kù yẹn náà nílò orúkọ, “ìwọ̀n àṣẹ́kù” sì ti tó.

Ibẹ̀ náà ni mi ò ti gba “agbára” fún ohun tí ọta ń ṣe. Agbára wà nínú eré: bí eré ọta bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ọta tó ní agbára púpọ̀ tó wá fọ́ wẹ́wẹ́ lára ejìká, tí kò dé ẹ̀dọ̀fóró, kò ṣe nǹkan kan. “Iṣẹ́ ọta” ló yẹ ká máa sọ. John Nosler, ọdẹ ará Amẹ́ríkà kan, rí i pé iṣẹ́ kò tẹ̀lé agbára, ló bá gbé ọta kan jáde ní 1948 tó ní ìgànná bàbà láàárín, òjé níwájú, òjé lẹ́yìn. Ti iwájú á fẹ̀, ti ẹ̀yìn á máa tì í lọ. Mo ti kọ “ọta oníyàrá méjì” sílẹ̀ fún un, inú mi sì dùn sí i.

Ẹ̀wù tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká kọ ọ́ ní “awọ”, torí “aláwọ bàbà” àti “aláwọ̀ bàbà” kò ní yàtọ̀ lójú ẹni tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀. “Ọta ẹlẹ́wù bàbà” ni èyí tí òjé wà nínú rẹ̀. “Ọta bàbà” ni èyí tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀. Láti July 1, 2019, ọdẹ tó bá gbé ẹlẹ́wù wọ igbó ọdẹ ní California ti rú òfin nítorí òjé inú rẹ̀, ẹni tó gbé ọta bàbà kò sì rú òfin kankan. Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà, tí ìwọ̀n bá dọ́gba, ọta bàbà máa ń gùn ju ẹlẹ́wù lọ, ìlà tó lọ́ nínú ọ̀pá ìbọn, èyí tó ń yí ọta kó lè fò tààrà, kì í sì lè yí i dáadáa nínú ìbọn mìíràn.

Ó ku “ìpéye” tí ọ̀pọ̀ yín fọwọ́ sí fún bí ọta ṣe ń ba ibi tí a fojú sùn. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo bébà kan: ọta márùn-ún, gbogbo wọn nínú ihò tí àtàǹpàkò lè bò, àmọ́ ìka mẹ́rin sí ọ̀tún ibi tí a fojú sùn. Ìbọn yìí ń kó ọta jọ, ó sì ń tàsé. “Ìkójọ” ni ti àkọ́kọ́, “àìtàsé” ni ti èkejì. Ìkójọ ni owó ọta ń rà. Àìtàsé, ọdẹ ló máa yí awò ojú ìbọn rẹ̀ títí yóò fi bá a mu. Mo tẹnu mọ́ ọn torí ọ̀pọ̀ ń náwó rẹpẹtẹ kí ìkójọ wọn lè kúrò ní íǹṣì kan ààbọ̀ di íǹṣì kan ní 100 yáàdì, nígbà tó jẹ́ pé ibi ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín tó nǹkan bí íǹṣì mẹ́jọ. Ọta mẹ́ta péré tí wọ́n sì fi ń wọn ìkójọ náà kò tó ẹ̀rí.

Fún owó, “ọta àkànṣe” tí wọ́n dábàá fún èyí tó wọ́n kò sọ ohun tí ọta náà lè ṣe. “Ọta ìdánrawò” àti “ọta ìdẹ̀gbẹ́” sàn jù, níwọ̀n ìgbà tí ìwé náà bá rán ọdẹ létí pé ibi tí ọ̀kan ń bà lè má jẹ́ ibi tí èkejì ń bà. Ẹni tó fi olówó pọ́ọ́kú dánra wò gbọ́dọ̀ fi ti ìdẹ̀gbẹ́ yin bébà kó tó wọ igbó.

Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí ọwọ́ mi kò tíì bà: ọta tí wọ́n fá ìdí rẹ̀ kó lè tín-ín-rín, kí afẹ́fẹ́ má bàa fà á sẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì fi í wé ìdí ọkọ̀ ojú omi, mi ò sì fẹ́ gbé ọkọ̀ wọnú igbó. “Atínrín-ìdí” ni mo kọ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ kí n tó kó orí kẹrin fún olóòtú.