Ṣé Ààrẹ Jefferson ka lẹ́tà bàbá ará Boston yìí lọ́dún 1808?

Ìyá Akọ̀wé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ibí. Ìbéèrè kan ló gbé mi wá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti ń ka lẹ́tà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ sí ààrẹ wọn kẹta, Thomas Jefferson, nígbà tí ogun pẹ̀lú Ìlú Ọba ń rúgbó bọ̀. Orí Founders Online, ìkànnì tí wọ́n kó lẹ́tà àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀ sí, ni mo ti ń kà á, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1807, Leopard, ọkọ̀ ogun Ìlú Ọba, dá Chesapeake, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, dúró lójú òkun nítòsí Norfolk ní Virginia. Wọ́n ní àwọn atukọ̀ tó sá mọ́ àwọn lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n wọlé wá wọn. Ni wọ́n bá yìnbọn lù ú. Èèyàn mẹ́ta kú, 18 fara gbọgbẹ́, wọ́n sì mú atukọ̀ mẹ́rin lọ. Gbogbo ìlú ń pariwo ogun. Jefferson ò fẹ́ jagun. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún náà, òfin ti jáde pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà kankan kò gbọdọ̀ kó ọjà lọ sílẹ̀ òkèèrè mọ́. Ó rò pé bí ọjà bá wọ́n Ìlú Ọba, wọ́n á gbọ́ràn. Àwọn tó ń jẹun lórí òkun ní Amẹ́ríkà ni ìyà náà kọ́kọ́ jẹ.

Lẹ́tà kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ará Boston kan ló kọ ọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1808. Kò kí ààrẹ rárá, èébú ló fi ṣíde, ó pè é ní ìkà ọ̀run àpáàdì. Ó bi í pé títí dìgbà wo ló máa fi ebi pa àwọn tálákà. Ó ní ebi ti pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun, pé ojú ń ti òun, òun wá ń sọ fáráyé pé àìsàn òjijì ló pa á. Ó ku mẹ́ta nílẹ̀ tí òun kò rí oúnjẹ fún. Bàbá yìí kò sì fara pa mọ́, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀.

Ọdún 22 ni mo fi jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà ẹ̀sùn ní ọ́fíìsì kan, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ bí lẹ́tà ṣe ń kú. A máa ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, a máa ń tì í bọ fáìlì, ó parí. Ọ̀pọ̀ ló ti ọwọ́ mi kú bẹ́ẹ̀, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹ bá mi dá sí i: ṣé lẹ́tà bàbá yìí dé ọwọ́ Jefferson fúnra rẹ̀, àbí akọ̀wé kan ló pa á mọ́? Bó bá sì kà á, kí ló ṣe?

Atúwèékà

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Akọ̀wé kan ṣoṣo ni Jefferson ní nílé ìjọba, èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà, Jefferson fúnra rẹ̀ ló ń dá a lóhùn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 1783 títí di oṣù kẹfà ọdún 1826, ó ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ẹni tó kọ lẹ́tà, ibi tó ti kọ ọ́, ọjọ́ tó kọ ọ́, ọjọ́ tó dé. Ojú ìwé 656 ni. Láti ọdún 1804 sì ni ẹ̀rọ onígègé méjì ti wà lórí tábìlì rẹ̀. Bó bá ti ń fi gègé kan kọ èsì, èkejì á máa kọ ohun kan náà sórí ìwé mìíràn, kí ẹ̀dà lè wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ lẹ́tà máa mọyì. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí lẹ́tà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sábà ń san owó rẹ̀. Ti ààrẹ kì í gbowó. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò rí oúnjẹ fọ́mọ fi lè kọ̀wé sí i.

Monticello, ilé rẹ̀ lórí òkè ní Virginia, ló wà lóṣù kẹjọ yẹn, ibẹ̀ ni lẹ́tà ń bá a. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, òmíràn dé tí kò lórúkọ. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun ti bá ọ̀rẹ́ òun mẹ́rin ṣàdéhùn 400 dọ́là pé kí wọ́n yìnbọn pa á, bí kò bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà kó tó di ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá. Ìyẹn náà, ó fi pa mọ́. Òun ló jẹ́ ká rí i kà lónìí.

Ní ti ohun tó ṣe: lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ó dá ìpàdé àwọn ará Boston, tí wọ́n kọ̀wé bẹ̀ ẹ́ pé kó dá òfin náà dúró, lóhùn. Ó ní bí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dí òkun mọ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà bá fà sẹ́yìn, òun lágbára láti dá òfin náà dúró, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá fà sẹ́yìn, ilé aṣòfin nìkan ló lè yí i padà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ wá ń ya wọlé láti ìlú kan sí òmíràn débi pé ó ní kí wọ́n tẹ èsì sílẹ̀ lọ́pọ̀ ẹ̀dà.

Ọmọ Atukọ̀

Kíkà kì í ṣe gbígbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ọjà tí Amẹ́ríkà ń tà sókè òkun jẹ́ mílíọ̀nù 108 dọ́là lọ́dún 1807. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó já wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 22. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1809 ló tó fọwọ́ sí i pé kí òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó kúrò lórí àléfà. Ogun tó ń sá fún ṣì dé bá James Madison tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1812 ni Madison fọwọ́ sí ogun, bẹ́ẹ̀ Ìlú Ọba ti kéde ní London lọ́jọ́ méjì ṣáájú pé àwọn máa yọwọ́ nínú àṣẹ tó ń dí òkun. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọkọ̀ fi ń gbé ìròyìn kọjá òkun. Lẹ́tà tí ì bá dá ogun dúró, ojú omi ló wà.

Tíṣà Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fo lẹ́tà ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1808. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ sí i, ohun tó fi sí ìsàlẹ̀ ni pé ẹrú ni òun. Ó gùn, ọ̀rọ̀ oko ẹrú ló bá ààrẹ sọ. Ẹ wò ó: torí atukọ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi tipátipá mú ni gbogbo ìlú ṣe fẹ́ jagun, ó sì tọ́ kí inú bí wọn. Aláwọ̀ dúdú wà nínú àwọn mẹ́rin yẹn. Jefferson tó ń jà fún wọn yìí, àwọn tó fi ṣẹrú láyé rẹ̀ lé ní 600. Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mi ò lè jẹun alẹ́.

Ìyá Akọ̀wé

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá Tíṣà, mo ti lọ kà á. Ẹ jẹ́ kí n má tíì sọ nǹkan kan lórí rẹ̀ lónìí.

Èsì títẹ̀ yẹn dùn mí, Atúwèékà. Mo mọ ìdí rẹ̀, ọwọ́ èèyàn kan ò lè ká a. A ní irú rẹ̀ lọ́ọ́fíìsì wa, àyè tí wọ́n á fi orúkọ sí nìkan ló ń ṣófo. Ṣùgbọ́n ìpàdé ìlú ló ń dá lóhùn, àwọn tó ní ọkọ̀, àwọn tó ní ilé ìtajà. Bàbá tó sin ọmọ, kì í ṣe ẹjọ́ òfin ló rò.

Síbẹ̀, inú mi dùn pé ó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé olójú ewé 656 yẹn, ṣé ẹ lè bá mi wá ojú ewé oṣù kẹjọ ọdún 1808? Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ìlà tó kọ ọ́ sí.