Ẹṣin Tí A So Mọ́ Èèkàn: Ìrírí Wa Lórí Ewì Ọmọdé àti Àwòrán Inú Ìwé Wọn

Ará Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹni tó béèrè pé ta ló ṣì ní ìwé ewì tí wọ́n fi kọ́ ọ ní kékeré lọ́wọ́ ni ó mú kí n jókòó kọ èyí. Èmi kò ní ìwé náà mọ́, omi ti bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó rọ́pò rẹ̀ wà nínú àpótí ìyá mi títí di òní, n kò sì lè fi ṣe pààrọ̀ ìwé tuntun kankan.

Ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ni ìyá mi wọ ilé-ìwé. Kò sí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí nílé wọn, nítorí náà wọ́n ní kí ó gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá kí ó fi ọwọ́ kan etí òsì. Ọwọ́ rẹ̀ tó o, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá wọn ra ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ fún un, ẹ̀yin tí ẹ sì lò ó mọ̀ pé ìwé ìkàwé ni, tí ewì àti àwòrán wà láàárín àwọn ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ìyá mi kì í ka àwọn ewì wọ̀nyẹn bí ẹni ń kàwé. Bí ó bá ń lọ ata, ìró ọlọ ni yóò fi ṣe ìlù, yóò máa gbé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lé e, débi pé nígbà tí èmi náà wọ ilé-ìwé tí wọ́n fa ìwé náà lé mi lọ́wọ́, kò sí ewì kankan níbẹ̀ tí n kò tíì mọ̀. Àwòrán nìkan ni ó jẹ́ tuntun sí mi.

Lẹ́yìn náà ni odò Ògùnpa ya wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kò nílò kí n tún ìtàn omíyalé yẹn sọ. Abẹ́ ibùsùn ni àpótí ìwé wa wà. Nígbà tí omi fà, ìyá mi kó àwọn ìwé náà jáde, ó sá wọn sórí páànù lójú oòrùn, ṣùgbọ́n ewé wọn ti lẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá rọra ń ṣí ọ̀kan, àwòrán yóò bó kúrò lójú ewé tirẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ orí ewì tó kọjú sí i, ní òdì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo nǹkan nínú dígí. Àga wa bá omi lọ, kò sọ nǹkan kan; ìwé yìí ni ó mú un pòṣé láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Kí ọdún náà tó parí, ó ra ìwé ìkọ̀wé olójú-ewé 80, irú èyí tí wọ́n tẹ ìsọdipúpọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ewì náà sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lórí rẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti há, yóò di ojú, yóò na ìka sókè bí ẹni pé ojú ewé náà wà níwájú rẹ̀, òkè lápá òsì tàbí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí àwòrán máa ń wà. Bí ó bá ti rántí ibi tí àwòrán wà, ewì yóò jáde. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí nìyẹn, òun ni kì í jẹ́ kí n gbà fún àwọn tó ń sọ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àwòrán nínú ìwé ewì ọmọdé.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Àtíìsì nítorí pé pátákó ṣọ́ọ̀bù àti ara ọkọ̀ ni ó ń kọ ní Mọ́kọ́lá níhìn-ín, ni ó bẹ̀ pé kó bá òun ya àwòrán sí i. Bọ̀ọ̀dá Àtíìsì mọ kìnnìún yà, ó mọ ẹyẹ idì yà, nítorí pé ohun tí àwọn awakọ̀ ń béèrè nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó ya ẹṣin rí. Nígbà tó dé ibi ewì tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí oògùn ìṣẹ́, níbi tí akéwì ti kìlọ̀ fún ọmọ pé kí ó má gbójú lé owó ìyá tàbí ẹṣin tí bàbá so mọ́ èèkàn, ohun tó yà ní ẹsẹ̀ tín-ín-rín àti ìrù kúkúrú. Ìyá mi wò ó títí, ó ní, "Ẹṣin rèé, àbí ewúrẹ́ ọjà?" Bọ̀ọ̀dá Àtíìsì fi bírò fa irun gígùn sí i lọ́rùn, ó ní ó ti di ẹṣin.

Ní ìsinmi ọdún Àjíǹde tó kọjá, mo mú ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí, ẹni ọdún 7, lọ kí ìyá mi. Ilé-ìwé tó ń lọ wà lára àwọn tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá (inú sì máa ń bí mi bí mo bá rántí pé àwa náà ni a ń san owó ilé-ìwé ọ̀hún), nítorí náà kò rọrùn fún un láti ka ohun tó wà nínú ìwé ìkọ̀wé náà. Ìyá mi ti kúrò ní ilé-ìwé kí ìlànà àkọtọ́ ọdún 1974, tó yí bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀ padà, tó dé. "Aiye", "enia" àti "nwọn" ni ó kọ síbẹ̀. Ọmọ náà ń gé "aiye" sí mẹ́ta, ó ń wò mí lójú. Ìyá mi, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò wo ìwé rárá. Ó kàn ń gbé ewì náà lọ, ọmọ náà sì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, títí tí ìka rẹ̀ fi kan àwòrán.

"Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ewúrẹ́ yìí fi ní irun lọ́rùn?"

Ẹ̀rín pa ìyá mi débi pé ó fi etí ìró nu ojú. Ó sọ fún un pé ẹṣin ni. Ọmọ náà béèrè ohun tí wọ́n so ó mọ́, ìyá mi ní èèkàn ni. Kò mọ èèkàn. Ní àdúgbò tí wọ́n ń gbé, kò sí ẹni tó ń so ẹran mọ́lẹ̀. Ìyá mi ní kí n wá igi kékeré kan wá, ó fi òkúta gbá a wọlẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ní kí ọmọ náà fi okùn so bàtà rẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì fà á. Ó fà á, kò tu. Nígbà náà ni ó ṣàlàyé fún un pé láyé àtijọ́, ẹni tí ẹṣin bá wà lójú èèkàn rẹ̀ kì í ṣe ẹni kékeré nílùú.

"Bíi ẹni tó ní jíìpù?"

"Jíìpù gan-an ni."

Kí a tó kúrò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ti ya jíìpù kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹṣin Bọ̀ọ̀dá Àtíìsì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tò sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ó fi okùn so ó mọ́ èèkàn.

Ará Bódìjà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìwé tèmi kì í ṣe ti Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ lé mi jáde.

Fásitì Ìbàdàn ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni òyìnbó kan tó ń padà sí ilé ti fún un ní A Child's Garden of Verses, ewì tí Robert Louis Stevenson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, kọ jáde ní ọdún 1885. Ìwé náà kò ní àwòrán nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Oríṣiríṣi ayàwòrán ni ó wá ya tirẹ̀ sí i lẹ́yìn náà, èyí tó sì wà nílé wa ni ti Jessie Willcox Smith, obìnrin ará Amẹ́ríkà, tí tirẹ̀ jáde ní ọdún 1905. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé: ọmọkùnrin kan tí ara rẹ̀ kò yá, tó fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí lórí ibùsùn, tí ohun ìṣeré rẹ̀ sì tò sórí aṣọ ìbora.

Ìyá bàbá mi, tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà'ba, kò mọ̀wé kà. Bí bàbá mi bá wà níbi iṣẹ́, òun ni ó ń ṣí ìwé náà fún mi, ìyẹ̀fun ẹ̀lùbọ́ sì ṣì wà ní agbedeméjì àwọn ewé rẹ̀ títí di òní. Yóò wo àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀, yóò wúkọ́, yóò wá gbé ohùn:

Ọmọ tí ibà dè mọ́lẹ̀ láìlo okùn,
Ibùsùn rẹ̀ lójú ogun, ìrọ̀rí rẹ̀ lòkè àpáta;
Ṣọ́jà onígi kì í jẹun, kì í sùn,
Olówó wọn ni yóò jí ṣeré lọ́la.

Nígbà tí bàbá mi dé tí ó ka ti Gẹ̀ẹ́sì, mo sọ fún un pé kò kà á dáadáa, pé ó ti fo ibi òkè àpáta. Ó rò pé mo ń purọ́ ni, àfi ìgbà tó dúró sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan tó sì gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ka ìwé tí kò lè kà.

Ewì mìíràn wà níbẹ̀ tí ọmọ ti ń ráhùn pé wọ́n ní kí òun lọ sùn nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Bàbá mi túmọ̀ rẹ̀ fún wa, ìyá àgbà sì ní irọ́ ni ọmọ náà ń pa, nítorí pé ní Ìbàdàn, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, ilẹ̀ ti ṣú kí aago méje ààbọ̀ tó lù. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ títí mo fi lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Edinburgh, ìlú tí wọ́n ti bí akéwì náà ní ọdún 1850, tí mo sì rí i nínú oṣù kẹfà pé nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ni oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀. Ìyá àgbà ti sùn nígbà náà, n kò rí ẹni bá jiyàn. Ibẹ̀ náà ni mo ti kíyè sí ohun tí a máa ń ṣí kọjá ní iwájú ìwé náà: Alison Cunningham, olùtọ́jú tó dúró ti akéwì náà ní kékeré nígbà tí àìsàn kò jẹ́ kó gbádùn, ni ó fi ìwé ọ̀hún bu ọlá fún.

Méjèèjì ni mo ń kà fún àwọn ọmọ mi báyìí. Ti Gẹ̀ẹ́sì, mo ní láti wo ìwé. Ti ìyá àgbà, àwòrán nìkan ni mo nílò. Ẹsẹ kan ti sọnù nínú èyí tó máa ń ké sí àwòrán ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ tó ń wo inú odò, mo sì kọ̀ láti fi tèmi dí i. Ọmọbìnrin mi kò kọ̀ ní tirẹ̀. Ó ti fi ẹja kún un.

Ará Agodi:

Kánádà ni àwọn ọmọ-ọmọ tèmi wà. Ní alaalẹ́ Sátidé ni mo máa ń ka ewì fún wọn lórí fóònù, màá sì gbé ìwé síwájú kámẹ́rà kí wọ́n lè rí àwòrán. Lọ́jọ́ kan, iná lọ nígbà tí mo ń ka ewì erin. Mo fi ọwọ́ kan di tọ́ọ̀ṣì mú, mo fi èkejì gbé ìwé, wọ́n sì ń pariwo pé àwọn rí erin náà, pé ó tóbi, pé ara rẹ̀ hunjọ. Inú mi dùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iná wà, mo fi erin náà hàn wọ́n kedere, àbíkẹ́yìn wọn sì bú sẹ́kún pé òun kò fẹ́ ìyẹn, kí n gbé erin ti ọjọ́sí wá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé mi pé àtàǹpàkò mi ni wọ́n rí lọ́jọ́ náà. Mo gbé e sójú kámẹ́rà fún un.